Sìmẹ́ńtì Ẹ̀yìnkùlé

Akóredé bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ kalẹ̀, ó tún bi Kifayah léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà dá a lójú. Sìmẹ́ńtì tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yìnkùlé sì ni Mùtíù, bàbá ọmọ náà, fi han òun, níbi tí òjò ti jẹ ìdí ògiri yàrá ìyá àgbà.

"Bàámi ti yí i padà," Kifayah dáhùn, ojú rẹ̀ kò yẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹ fi rẹ́ ojú ilé."

Mùtíù wà lóko, ó ń hú ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò fi ṣe gàrí. Ta ni yóò sì fura sí ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ kí àgbà báyẹn?

Kí a má parọ́ mọ́ Kifayah, kì í ṣe ọmọ burúkú. Irú ọmọ tó máa ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ títí yóò fi dán ni, tí yẹ̀rì abẹ́ rẹ̀ sì ya. Ilé amọ̀ ni ìtìjú rẹ̀. Ó ti sọ fún Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ tíṣà tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ní Lálúpọn, pé ilé àwọn dára, ìyẹn sì ti ní òun ń bọ̀ wá bá a kàwé ìdánwò. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: Kifayah mọ òwe yìí ju gbogbo ìwé rẹ̀ lọ. Èyí tó ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, kò kàn án. Bẹ́ẹ̀, ògiri ẹ̀yìn ti lanu débi pé ewúrẹ́ lè ki orí bọ̀ ọ́.

Kí Mùtíù tó toko dé, Akóredé ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ sí Ìbàdàn, ojú ilé ń dán, àwòrán rẹ̀ sì ti wà lórí WhatsApp Kifayah. Ó dúró síbi tí ẹ̀gbẹ́ ilé kankan kò ti ní hàn kó tó ya àwòrán náà.

Mùtíù wo iwájú, ó lọ wo ẹ̀yìn, ó béèrè ẹni tó dán irú èyí wò. Ìyá àgbà, tó ti gbọ́ irọ́ tí Kifayah pa fún bíríkìlà láti ojú fèrèsé, ló dáhùn.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rẹ́ ẹ. Ṣé arúgbó ò gbọdọ̀ gbé ilé tó dáa ni?"

Mùtíù sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí gàrí bá tà, òun yóò ra sìmẹ́ńtì mìíràn. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ìyá àgbà fa etí ọmọ náà jẹ́jẹ́.

"Mo ti bò ọ́ lónìí. Lọ sọ fún bàbá ẹ fúnra ẹ kí òjò tó dé."

Kifayah ní òun yóò sọ. Kí Olúwaṣìkẹ́mi kọ́kọ́ wá ná.

Òjò ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni, àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Kifayah wà níwájú ilé, ó ń fi àkísà nu ẹrẹ̀ tó ń ta sára ògiri tuntun. Lẹ́yìn ilé, ìdí ògiri rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó sì wó lu ìyá àgbà lórí ẹní ìkírun. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ẹ̀mí ti bọ́. Ojú ilé kò tilẹ̀ sán.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn tó wá kẹ́dùn jókòó síwájú ilé, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri tuntun. Obìnrin kan rọra sọ fún ẹnì kejì pé oge ló pa arúgbó yìí. Mùtíù gbọ́, kò jiyàn.

"Màámi fúnra wọn ló ní kí wọ́n rẹ́ ojú ilé," ó ní. "Kí Ọlọ́run foríjì wọ́n."

Kifayah la ẹnu. Àsìkò náà gan-an ni Olúwaṣìkẹ́mi dé, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ilé yín sì rẹwà báyìí." Kifayah pa ẹnu dé.

Títí di òní, Ìyá Ológe ni wọ́n ń pe òkú náà ládùúgbò. Sìmẹ́ńtì sì ti ń ṣí kúrò lára amọ̀, bí ó ti máa ń ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, irọ́ tí a fi tún ojú ṣe, ẹ̀yìn ló ń jìyà rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn wa jù ló sì sábà máa ń sùn lẹ́yìn. Ẹ sọ òótọ́ nígbà tí ẹni tí yóò foríjì yín ṣì ń gbọ́.