Mẹ́rìndínlógún Dípò Mẹ́jọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Safurat, ó ń jó òjé mọ́ inú rédíò kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo dúró, mò ń wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ tún nǹkan ṣe ni, àbí ẹ wá wòran?"

"Ìran ni mo wá wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá rẹ̀, Alíájì Mìkáílù, mọ̀ pé ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Wọ́n ní, "Níyì, bó o bá ti jẹ́ olóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò ní dí yín lọ́wọ́."

Èmi àti Safurat wá jọ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún Màmá Ọpẹ́yẹmí, tó ń ta òròmọdìẹ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ náà yóò máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ bí ibi tí ẹyin wà ṣe gbóná tó. Safurat jó wáyà rẹ̀, èmi kọ ètò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a tàn án, jágbajàgba tí kò nítumọ̀ ló ń jáde.

"Kí ló dé?" Màmá Ọpẹ́yẹmí béèrè.

Ẹnu mi yá jù mí lọ. "Wáyà ni, mà. Wọn ò jó o dáadáa."

Safurat wò mí.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alíájì. Wọ́n gba irin tó fi ń jó òjé lọ́wọ́ Safurat, wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ná.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí àṣìṣe náà. Ó yẹ kí n sọ fún kọ̀ǹpáílà, tó ń sọ ètò mi di èdè tí ṣíìpù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, gbọ́, bí iyára ṣíìpù wa ṣe tó, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti kọ̀ǹpútà lè bára mu. Mẹ́jọ ni nọ́ńbà iyára tiwa. Mẹ́rìndínlógún ni mo kọ.

Ibi tó ń tì mí lójú jù rèé: mo mọ̀, mo sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ṣọ́ọ̀bù. "Alíájì, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo sì purọ́ mọ́ ọmọ yín. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti mọ̀."

Alíájì fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde. Ẹni tó jẹ́wọ́ ṣì ṣeé gbà lọ́mọ. Mo ṣì fi Safurat fún ẹ."

Safurat fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá mi. Àmọ́ n ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe kọ́ ló dùn mí, Níyì. Ta ni kì í ṣe é? Lánàá tí mò ń sunkún, ìwọ lo nu omijé mi. O sì ti mọ̀."

Mo wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò lè wojú ẹnikẹ́ni títí a fi délé.