Agogo Ìyá Agbo

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí òmìnira Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí asọ̀rọ̀mágbèsì kéde pé àwọn ọmọ ogun tún ti gba ìjọba, Akínbọ̀wálé ará Ṣábẹ̀ ta abo màlúù kan ní Pàràkú.

Akọ̀wé ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwọn màlúù tí ó ń rí bí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí gúúsù ni ó tàn án tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ ra ẹran. Sàídì, darandaran Fúlàní, ni ó ń bá a dà wọ́n ní gáà tí ó wà ní ìkángun Títíru. Wàrà jẹ́ ti Sàídì, ẹran jẹ́ ti Akínbọ̀wálé. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò wọ ṣòkòtò kákí rẹ̀ tí a lọ̀ gbọnrangandan, yóò sì gbé Ìwé Ìdíwọ̀n Èrè rẹ̀ dé gáà. Ní ti Ìyá Agbo, arúgbó abo tí agogo wà lọ́rùn rẹ̀, ohun tí ó kọ ni: “Kò bímọ mọ́. Ó ń jẹ koríko lásán. Títà.”

Sàrúmì alápatà fà á lọ nígbà tí Sàídì ń wá ọmọ màlúù kan tí ó ṣáko lọ.

Sàídì padà, ó wo èèkàn tí ó ṣófo, ó sì kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣeun fún ìgbà tí a jọ lò.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ní ilé tiwa, ẹni tí ó fẹ́ lé darandaran kì í bú u. Aṣíwájú agbo ni yóò tà. Ẹ ti sọ̀rọ̀, mo sì ti gbọ́.”

“N kò mọ̀! Kò bímọ mọ́ ni mo ṣe tà á!”

“Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé. Ṣé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ó mọ ọ̀nà odò?”

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ká ẹní rẹ̀, ó ti lọ.

Ọyẹ́ ti fa adágún gáà gbẹ. Odò Òkpárá nìkan ni ó kù. Akínbọ̀wálé pariwo kí àwọn ẹran lè gba ibẹ̀ lọ, ó nà wọ́n ní pàṣán. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ fa okùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn ẹran náà yípo, wọ́n sì padà sí ìdí èèkàn. Kò sí Fúlàní tí ó gbà láti dà wọ́n: gbogbo gáà ti gbọ́ ohun tí ó tà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ màlúù kò lè dìde mọ́. Ó sáré lọ sí ọjà Arzèkè.

“Akọ̀wé, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń wù jẹ,” ni Sàrúmì wí.

“Mo fẹ́ rà á padà.”

“Èwo nínú rẹ̀? Itan kan ṣì wà. Ìrù ti lọ.” Nígbà tí ó rí ojú Akínbọ̀wálé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na agogo náà sí i. “Ẹ gbà. Èyí nìkan ni kò sí ẹni tí ó rà.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Akínbọ̀wálé so agogo mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì kọjú sí odò. Agogo dún. Àwọn ẹran gbé orí sókè. Ọ̀kan tẹ̀ lé e, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí kò lọ. Àyọ̀ká nìkan ni ó wọkọ̀ lọ ṣe ọdún Kérésì ní Ṣábẹ̀.

“Bàbá Adéọlá, kí ni kí n sọ fún àwọn ẹbí?”

“Ta ni yóò kó wọn lọ mumi bí mo bá lọ?”

“Ó dáa. Ó dàbọ̀ o, Ìyá Agbo.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Agbo ń pọ̀, èrè ń wọlé. Bí ó ti ń ta akọ ni abo ń bí. Nígbà tí ọdún méjì pé, ní oṣù Ọ̀pẹ, asọ̀rọ̀mágbèsì tún kéde pé àwọn ọmọ ogun ti yọ olórí mìíràn. Orúnkún Akínbọ̀wálé ti wú. Ó jókòó sí ìdí èèkàn, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì bá ìkọ̀wé ara rẹ̀ pàdé: Ó ń jẹ koríko lásán. Títà.

Ó pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo agbo dúró, wọ́n ń wo ọrùn rẹ̀. Ó di èèkàn mú, ó dìde. Agogo dún.