Ìgò Àkọ́kọ́ Fàdìlàt

"Fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́, mo ń ṣiṣẹ́ lónìí," Fàdìlàt wí, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Testimony, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ti fọ́n lọ́fínńdà inú agolo sí i lọ́rùn, ó tún ń fọ́n ọn sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Parí iṣẹ́ yẹn kíá, ká máa lọ jàre. Gbogbo kíláàsì ti wà níbi ọjọ́ ìbí yẹn ní Ìpájà. Àbí ọmọ onílọ́fínńdà ò gbọdọ̀ ta sánsán ni?"

Kò gbọdọ̀ ta sánsán lóòótọ́. Àǹtí Ọláfimíhàn, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ po lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ fi òórùn kankan sára. Ọṣẹ dúdú lásán ni wọ́n fi ń wẹ̀. Òfin yìí máa ń bí Fàdìlàt nínú. Ta ló gbọ́ ọ rí pé alásè kì í jẹun?

Àǹtí kì í ṣe àfarawé lọ́fínńdà ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Baruwa, á fún un ní àga, á ní kó sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, á wá máa wá òórùn ibẹ̀ kiri nínú àwọn ìgò òróró rẹ̀. Màmá Babárìndé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti sọ tirẹ̀: àgbàlá bàbá rẹ̀ ní Èkìtì, kòkó tí wọ́n sá sínú oòrùn, òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀, èéfín díẹ̀ láti ilé ìdáná. Ilé náà ti wó. Màmá ń lọ síbẹ̀ lọ́la fún ìrántí bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ gbé òórùn náà dé ojú oórì.

"Ó ku òróró èéfín nìkan," Àǹtí ti sọ kó tó lọ ra ìgò ní Ìyànà Ìpájà. "Kán an díẹ̀díẹ̀, kó o máa gbọ́ ọ, kó o sì máa sinmi imú ẹ. Bó bá dára, orúkọ ẹ ni màá lẹ̀ mọ́ ọn."

Ó ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti ń wu Fàdìlàt. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Fóònù ń dún, Testimony ń ké sí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó kán òróró èéfín sínú ìgò Màmá, ó ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, ó gbé e sí imú. Kò gbọ́ èéfín, adùn bíi ti súìtì nìkan ló ń gbọ́. Ó tún kán an. Ó dìde, ó jókòó, ó tún kán òmíràn sí i, títí èéfín náà fi jọ pé ó ti ń yọjú.

"Ó ti tó ṣá," ló wí. Ó dé ìgò náà pa, ó sáré jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Babárìndé dé tòun ti báàgì ìrìn àjò rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí Àǹtí kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó kán an sẹ́yìn ọwọ́, ó gbé e sí imú, ó dijú. Fàdìlàt ń retí ẹ̀rín. Nígbà tí Màmá lajú, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "ilé tó jóná lo gbé fún mi."

Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé báàgì rẹ̀. Mọ́tò Adó-Èkìtì kò ní dúró dè é, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún iṣẹ́ náà ṣe kó tó lọ.

Àǹtí gbọ́ òórùn ìgò náà. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ Fàdìlàt mọ́ra, ó gbọ́ òun náà. Òórùn dídùn inú agolo Testimony ṣì wà níbẹ̀.

"Ara ẹ lò ń gbọ́ lánàá, Fàdìlàt. O ò gbọ́ Màmá rárá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n lọ dà á nù."

"Rárá o." Àǹtí kọ orúkọ sí bébà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà, ó gbé e síbi tí ojú ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ bá. Fàdìlàt ni orúkọ náà. Ohun tó ti ń wù ú tipẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì lè wò ó.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá gba iṣẹ́ ẹlòmíì, kó kọ́kọ́ bọ́ tara rẹ̀ sílẹ̀. Ìkánjú àti ẹgbẹ́ kò ní bá a ru ìtìjú rẹ̀.

Nígbà tí Màmá Babárìndé ti Èkìtì dé, Fàdìlàt ló lọ bá a nílé. Ọṣẹ dúdú ló fi wẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ ti àgbàlá yẹn fún mi. Mo ti ń gbọ́ yín báyìí."