Ilé Kì í Báni Sọ̀kalẹ̀

Ká ní ẹ rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ ni! Òun ló ń wa ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ̀rọ onítáyà tó ní apẹ̀rẹ̀ irin, tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé bí ẹni gbé ọmọ lé èjìká.

Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé oúnjẹ lọ fún òun àti ọkọ ẹ̀. Akunlé lọkọ ẹ̀, Alángbá la máa ń pè é, torí kò sí ògiri tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn méjèèjì wà nínú apẹ̀rẹ̀ lókè lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, wọ́n ti kun ún tán, òjò sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo látòkè, "Àbúrò, kúrò lábẹ́ wa! Ṣé búrọ́ọ̀ṣì lo fẹ́ kó bọ́ lù ẹ́ lórí ni?"

Mo sá sẹ́yìn okùn tí wọ́n fi pààlà.

"Ìyàwó mi, gbé wa sọ̀kalẹ̀ jàre, ebi ń pa mí."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ìbàdí ẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ó máa ń fọwọ́ tọ okùn bẹ́líìtì tí kì í jẹ́ kí ẹni tó wà pẹ̀lú ẹ̀ já bọ́, láti ìbàdí títí dé ibi tó so ó mọ́. Ó tọ ti Alángbá lọ báyìí, ọwọ́ ẹ̀ bá jáde síta apẹ̀rẹ̀. Irin fèrèsé ilé ló so ó mọ́!

"Ọkọ mi, kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ yìí ń mì ṣáá. Ilé ò kúkú mì."

"Ó dáa. Tí mo bá wá tẹ bọ́tìnnì, ṣé ilé á bá yín sọ̀kalẹ̀ ni?"

Alángbá wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀ nísàlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ á lọ, òun á wà lára ògiri, á máa fì dirodiro!

"Ìkọ́ wà nínú apẹ̀rẹ̀ níbí," ẹ̀gbọ́n mi ní jẹ́jẹ́. "Òun lẹ máa so okùn yín mọ́. Ẹ jọ ń lọ sókè, ẹ jọ ń bọ̀ nílẹ̀."

Alángbá tú okùn náà, ó so ó mọ́ ìkọ́. "Ó yá, ọ̀gá mi."

"Ẹ jẹ́ n tún fọwọ́ tọ̀ ọ́ ná." Ó sì tún tọ̀ ọ́ o, òjò ti ń kán!

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, wọ́n ti rin gbindin. Alángbá ò rántí oúnjẹ mọ́. Ó di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú, ó ń wò ó. "Ọwọ́ yìí," ló kàn ń sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè, ẹ jọ̀ọ́, ìkọ́ inú apẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ so okùn yín mọ́, kì í ṣe ilé, kì í ṣe òpó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀, ẹ má dúró sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wà á, ẹ fọwọ́ tọ okùn ẹnìkejì yín kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, kódà bí òjò ń lé yín bọ̀. Òjò á rin yín, aṣọ á gbẹ.