Fídíò Tí Fisáyọ̀ Gé Kúrú

Ibi tí Fisáyọ̀ yóò jókòó sí ni kò mọ̀. Àwọn ará Ìlobù wà lábẹ́ àwọn igi máńgòrò, àwọn ará Ìfọ́n sì wà ní òdìkejì pápá, lẹ́bàá ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà, Ìfẹ́dàpọ̀, ni gbogbo wọn wá gbè lẹ́yìn. Jẹ́sì aláwọ̀ ewé kan náà ló wà lọ́rùn wọn. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ọmọ Ìlobù ni bàbá Fisáyọ̀, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀. Bó bá lọ sídìí máńgòrò, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ á máa wò ó láti òdìkejì. Bó bá lọ sọ́dọ̀ wọn, Tèmilọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní ó tún ti lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kúkú lọ dúró sí igun pápá, níbi tí kò sí ibòji kankan.

Ọdún yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí àwọn àgbà kò bá tíì rí ilẹ̀ pín, àwọn á jọ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ná. Wọ́n mú ọmọ Ìlobù mẹ́fà, wọ́n mú ọmọ Ìfọ́n márùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ni Dúró, aṣọ́lé wọn, àbúrò ìyá Fisáyọ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Dúró ń ṣe ní Òṣogbo. Òun ló jó irin òpó góòlù tuntun tó wà lórí pápá náà pọ̀, ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì wọ́n mọ́lẹ̀.

Fisáyọ̀, tó wà ní kíláàsì kejì ní ìpele àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama, ni akọ̀ròyìn ẹgbẹ́. Fóònù àtijọ́ bàbá rẹ̀ ló fi ń ya fídíò, tó sì fi ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àwọn alátìlẹ́yìn. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n na àwọn ọmọ Ẹ̀rìn ní àmì ayò méjì sí òdo. Fisáyọ̀ kọ ọ́ débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an ní àwọn ò mọ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdíje kejì, ọ̀mì ni. Góòlù tí wọ́n gbá wọlé wọn lọ́jọ́ náà rọra yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Dúró bí ọsàn tó já bọ́ látinú igbá. Fisáyọ̀ kò kọ ìyẹn.

Ẹ̀kẹta rèé, pẹ̀lú àwọn Akíkanjú láti Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní àárín eré, ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n wà. Fisáyọ̀ gbé fóònù sókè láti ya àwọn òǹwòran, ó sì rí ohun tí kò wá.

Dúró kúrò láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn Akíkanjú, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ nínú eruku. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó fà á dìde, ó mú un lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì wọn, tí kò jìnnà sí ibi tí Fisáyọ̀ dúró sí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fi nǹkan kan tí wọ́n wé sínú ọ̀rá lé Dúró lọ́wọ́.

"Ṣé o rí i?" Tèmilọlá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Gólì wa ló ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn yẹn."

Fisáyọ̀ yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbé fóònù sókè, fóònù sì ń ká a lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. "Bóyá ó kàn ń kí wọn ni."

"Kíkí wo? Ta ló ń kí ènìyàn lẹ́yìn bọ́ọ̀sì?"

Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wá sọ́dọ̀ Dúró kò le rárá, ọmọ ọdún mẹ́wàá á mú un. Dúró bẹ́ lọ sí apá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù gba apá òsì wọlé. Ìkejì gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Èébú bẹ̀rẹ̀ ní ìdí máńgòrò. Dúró ń fi apá jẹ́sì nu ojú. Fisáyọ̀ rò pé ẹkún ìtìjú ni. Mẹ́ta sí ọ̀kan ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Orí Fisáyọ̀ dàrú. Dúró tó máa ń gbé e lé èjìká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò ta ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ṣé ojú òun náà kọ́ ló rí i? Bó bá gba ojú rẹ̀ gbọ́, àbúrò ìyá rẹ̀ di ọ̀dàlẹ̀. Bó bá gba àbúrò ìyá rẹ̀ gbọ́, ojú rẹ̀ di òpùrọ́. Ó ń rìn lọ sílé bí ẹni tó dé ọjà tó gbàgbé ohun tó wá rà.

"Fi sórí Wáàsáàpù," ni Tèmilọlá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"N ò tíì mọ ohun tó jẹ́."

"Ká ní ọmọ Ìlobù ló ṣe é, wàá ti fi síbẹ̀. Àbí torí pé ẹ̀jẹ̀ Ìfọ́n wà lára ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. "Fídíò yẹn gùn," ni ohun tó rí sọ. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni."

"Gé e. Ta ló fẹ́ wo ìṣẹ́jú mẹ́rin? Fi ibi ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, fi ibi ọ̀rá sílẹ̀, ó tán."

Fisáyọ̀ jókòó sórí àga nílé, ó gé e. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ló kù. Kò wo ìyókù. Ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré sábẹ́ rẹ̀, "Ẹ fojú yín wò ó," ó sì fi ránṣẹ́. Ó ń retí ohun tí wọn yóò sọ. Ká má purọ́, ìyìn dùn mọ́ ọn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó jẹun tán, ìdáhùn ti lé ní igba. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, fídíò náà ti rin Ìlobù já, ó ti wọ Ìfọ́n. Àwọn kan ní Ìlobù ní àwọn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ Ìfọ́n kò lè ṣọ́lé fún àwọn. Àwọn kan ní Ìfọ́n ní torí pé Dúró jẹ́ ọmọ àwọn ni wọ́n ṣe ń bà á lórúkọ jẹ́. Bíọ́dún, alága ẹgbẹ́, ní kí Dúró lọ jókòó sílé ná. Àwọn ọmọ Ìfọ́n mẹ́rin yòókù bọ́ jẹ́sì wọn, wọ́n ká a, wọ́n sì dá a padà.

"Ọmọ Ìlobù tòótọ́ ni ẹ́," ni àwọn ènìyàn ń sọ fún Fisáyọ̀ lọ́nà ilé ẹ̀kọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó wá gbọ́ ọ, kò dùn létí rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò bá a wí rárá. Ó kàn ń bu oúnjẹ fún un, ó sì ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló burú jù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Peter, ọmọ Ìlobù tí kò ṣọ́lé rí, ni wọ́n gbé sáàárín òpó tí Dúró ṣe. Márùn-ún ni wọ́n gbá wọlé rẹ̀. Ẹ̀bá ògiri ilé ẹ̀kọ́ ṣófo gbáà. Fisáyọ̀ lè jókòó síbi tó wù ú wàyí, àmọ́ kò rí ibi tó wù ú.

Ìyá rẹ̀ ti Ìfọ́n dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó láì tú gèlè.

"Fisáyọ̀, Dúró ò lè wo ìmọ́lẹ̀."

"Báwo, Mà?"

"Aṣọ dúdú ni wọ́n ta sójú fèrèsé rẹ̀. Òpó góòlù yẹn ló fi ojú rẹ̀ ṣe. Gíláàsì tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú ti fọ́, kò sì tíì ní òmíràn, ló bá fi ojú lásán jó irin fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ lè tètè rí òpó lò. Ó ní bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí òun lójú ni. Dókítà ní kó má ṣe ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, wọ́n á sì ní ọmọ Ìfọ́n ò lẹ́mìí." Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún yẹn, Ọ̀gá Bámigbóyè ni, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wẹ́dà. Ọdún mẹ́ta ló fi sìn ín. Ṣé ó lè rí i kó dúró lóòró kí i? Ọ̀gá rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, ló bá fún un ní oògùn ojú tí òun alára ń lò. Dúró ṣàlàyé fún Bíọ́dún àtàwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló wà nínú ọ̀rá, ó ní oògùn ojú. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí."

Fisáyọ̀ wọ yàrá lọ. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ṣì wà lórí fóònù. Ó wò ó kọjá ibi tó gé e dé. Ọ̀gá Bámigbóyè tú ọ̀rá náà, ó mú ìgò kékeré kan jáde, ó gbé orí Dúró sẹ́yìn, ó kán oògùn sí ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó kán an sí tòsì. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Pajú dé. Mo ti sọ fún ọ, má fi ojú lásán jó irin mọ́." Òtítọ́ ti wà lápò Fisáyọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ó sunkún títí ìrọ̀rí fi tutù.

Ó pe Tèmilọlá. "Pa tàkọ́kọ́ rẹ́," ni ìyẹn wí. "Má sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ó ṣe Fisáyọ̀ bíi kó gbà. Bó bá pa á rẹ́, orúkọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ti Dúró ńkọ́? Ó fi gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi Olúwafisáyọ̀ ni mo gé ti àkọ́kọ́. Mi ò wo ìyókù kí n tó fi ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Dúró ò ta ẹgbẹ́ wa. Èmi ni mo ṣẹ̀." Ìdáhùn tún rọ́ dé. Àwọn tó pè é ní ọmọ Ìlobù tòótọ́ ló kọ́kọ́ bú u. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bíọ́dún ti yọ ọ́ kúrò nípò akọ̀ròyìn.

Lọ́jọ́ Àìkú, òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n. Nínú òkùnkùn yàrá náà, Fisáyọ̀ kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rí yín, mo sì rò pé ohun tí mo rí náà ni gbogbo rẹ̀."

Dúró yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Pé o rí mi kò dùn mí. Ẹnikẹ́ni ló lè rí mi. Pé o ò wò mí dópin, ìwọ tí o mọ̀ mí, ìyẹn ló dùn mí."

"Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín, sà."

"Mo ti gbọ́. Dìde, sìmẹ́ńtì yẹn tutù." Kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lé e jáde.

Bíọ́dún náà lọ sí Ìfọ́n láàrin ọ̀sẹ̀, ó lọ bẹ̀bẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n méjì gba jẹ́sì wọn padà. Méjì ní àwọn ṣì ń rò ó. Ohun tí ogún ìṣẹ́jú àáyá bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ kan kò tó tún un ṣe.

Nígbà tí ìdíje karùn-ún dé, àwọn díẹ̀ padà sẹ́bàá ògiri ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń wo ìdí máńgòrò tìfuratìfura. Fisáyọ̀ wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Ó wá rí Dúró tó dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn góòlù, ó wọ awò dúdú, ó fẹ̀yìn ti òpó irin tí òun fúnra rẹ̀ jó pọ̀. Fisáyọ̀ rìn lọ síbẹ̀ lójú gbogbo ìlú méjèèjì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó tì í. Ó ti kọ́ ọ báyìí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá làgbà òṣìkà, àti pé ojú tó rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì rí ọ̀rọ̀. Kí ènìyàn tó dá ẹnìkejì lẹ́bi, kó wádìí, kó sì béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Rẹfirí fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù gbéra.

"Fóònù rẹ dà?" ni Dúró bi í. "Ṣé o ò ní ya fídíò lónìí ni?"

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ wò ó dópin."