Onílé Wà Nínú Rẹ̀

"Tulou," ni Bubu Kelera wí kó tó fẹsẹ̀ tẹ òkúta etí òkun, bí ẹni tó ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ àgbà.

Makereta, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ti ìlú ńlá Suva wá lo ìsinmi ní erékùṣù Ono, bú sẹ́rìn-ín. "Bubu, ta lẹ ń kí? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ìwọ lo ò rí wọn. Má mú ìkarahun kankan o, àfi tí mo bá ní kó o mú un."

Nama, ewébẹ̀ inú òkun, ni wọ́n wá já. Apẹ̀rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tí Makereta rí ìkarahun kan tí ara rẹ̀ rí bí àwọ̀n ẹja. Ó rẹwà kọjá sísọ. Ó rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń fọ́nnu ní kíláàsì lẹ́yìn ìsinmi, ojúkòkòrò sì wọ̀ ọ́. Ó wẹ̀yìn wò, ó rọra tì í bọ abẹ́ nama.

Nígbà tí wọ́n délé, ó yọ́ ọ sọ fún Unaisi, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Ojú Unaisi yí padà.

"Ṣé onílé wà nínú rẹ̀?"

"Onílé wo?"

"Ìgbín inú rẹ̀ ni mò ń wí. Ó ní ẹ̀gún bí abẹ́rẹ́, oró rẹ̀ sì ń pààyàn. Ibo lo fi sí?"

Makereta ò tíì dáhùn tí Bubu fi lóṣòó ti apẹ̀rẹ̀, tó ká apá aṣọ sókè láti kó nama fọ̀. Ẹ̀rù ba Makereta, ojú sì ń tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìyá àgbà ju ìtìjú lọ.

"Bubu, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo fi ìkarahun pa mọ́ síbẹ̀."

Ọwọ́ Bubu dúró lófuurufú. Ó mú igi, ó da apẹ̀rẹ̀ dé. Ìkarahun náà yí jáde, ohun tín-ín-rín kan sì ń nà jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi igi tì í sínú garawa, wọ́n gbé e padà sókun.

Bubu ò lu ọmọ náà. Ó kàn fà á mọ́ra. "Ṣé o wá mọ ẹni tí mò ń kí? A kì í wọlé onílé láìkágò. Àìgbọràn rẹ ì bá pa mí, òótọ́ tó o sọ ló yọ mí."

Wọ́n fi àgbọn po nama, wọ́n sì fi gbáàgúdá jẹ ẹ́ títí wọ́n fi yó.

"Ará Suva," ni Unaisi ń fi ṣẹ̀fẹ̀, "ṣé o ti kágò fún nama kó o tó gbé e mì?"

Makereta rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, a ṣẹ lálẹ́. Ti Bubu ò tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ní ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé etí òkun. Ó mú igi lọ́wọ́, ó sì tẹrí ba.

"Tulou," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín.