Búrọ́ọ̀ṣì Inú Ìgò

"Má ri búrọ́ọ̀ṣì yẹn bọ ọ̀dà dé ọrùn!" Bàbá Clem ké mọ́ Neridah. "Orí rẹ̀ nìkan ni kó o fi kan ọ̀dà. Bí ọ̀dà bá ti wọ ibi tí irun ti wọnú irin, ó parí náà nìyẹn."

Neridah fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Òjò ń rọ̀ sórí páànù ahéré ẹ̀yìnkùlé bàbá náà, bó ṣe máa ń rọ̀ ní Burnie, ìlú etíkun ní Tasmania, tí òtútù bá ti dé. Ọkọ̀ òfuurufú oníke kan wà lórí tábìlì, irú èyí tó máa ń wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí èèyàn yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Ìyẹ́ rẹ̀ kan ti dúdú bí èédú, èkejì ṣì funfun.

"Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì," ni bàbá wí. "Ẹni tó bá kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń kánjú ni. Ọ̀dà á sì tú u láṣìírí."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Neridah. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn sí Perth. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Tasmania sí Melbourne, orí omi ló sì máa ń wà ju ilé lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń gbé, ẹni tí etí rẹ̀ ti di, tó máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ilé ìwé, látìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ẹ̀yìn ilé ìkàwé ló ti ń dá jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tí á kọjú sí òkun bí ẹni ń retí àlejò. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ dáadáa, nínú ahéré Bàbá Clem tó jẹ́ aládùúgbò wọn.

Bàbá Clem ti fi ìgbà kan wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté. Ìyàwó rẹ̀, Ilma, ti kú. Láàárín àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ọ̀kan wà tí igi rẹ̀ pupa, tí orí rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ilma ló rà á fún un. Òun ni bàbá fi máa ń kun ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú kéékèèké. Tó bá ti lò ó tán, á fi tínà, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà kúrò, fọ̀ ọ́, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́, á fi ètè pọ́n orí rẹ̀ kó lè ṣóńṣó, á wá gbé e dúró sínú ife, orí lókè.

"Bó o bá fi í sílẹ̀ ní ìdoríkodò sínú tínà, o ti pa á," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó rẹ bàbá. "Ọmọ mi, ẹ̀yìn ń dùn mí. Bá mi fọ àwọn búrọ́ọ̀ṣì yẹn kó o tó máa lọ." Ó wọlé lọ sùn.

Kò pẹ́ tó wọlé tí fóònù Neridah dún. Jacinta ni, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń tẹ̀ lé lẹ́yìn.

"Neridah, a wà létíkun. A ra pòtétò díndín. Tó o bá ń bọ̀, máa bọ̀ kíá o, a ò ní dúró dè ẹ́."

Ọkàn Neridah fò sókè. Ó wo àwọn búrọ́ọ̀ṣì. Ó kó gbogbo wọn dorí kodò sínú ìgò tínà. "Màá padà wá fọ̀ wọ́n nírọ̀lẹ́," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì sáré jáde.

Kò padà wá. Létíkun, Jacinta gbọ́wọ́ lé e léjìká, wọ́n jọ ya fọ́tò, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. "Ṣé bàbá ẹ lè mú wa wọ ọkọ̀ wọn lọ sí Melbourne?" ni wọ́n bi í. Ó ní òun á bi í. Nígbà tó délé, inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kejì pàápàá, ọ̀dọ̀ wọn ló wà.

Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, Bàbá Clem dúró nídìí ọgbà, ó mú ìgò lọ́wọ́. Irun àwọn búrọ́ọ̀ṣì ti wọ́, ọ̀dà ti dì mọ́ wọn lọ́rùn. Orí èyí tó pupa ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

"Neridah, ìwọ lo fọ àwọn yìí lọ́jọ́ Sátidé, àbí èmi ni?"

Òtítọ́ dé ètè rẹ̀, ẹ̀rù dá a padà. "Mo fọ̀ wọ́n, Bàbá. Mo kó wọn sínú ife. Bóyá ẹ tún lò wọ́n lẹ́yìn tí mo lọ, tẹ́ ẹ wá gbàgbé."

Bàbá wo inú ìgò náà bí ẹni ń wo kànga jíjìn. "Bóyá," ló wí. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé kẹ́tùlù kaná, mo jáde lọ. Bóyá lóòótọ́ ni."

Neridah rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, àgádágodo wà lẹ́nu ahéré. Ó ń rí bàbá láti ojú fèrèsé: á jáde, á padà wá wò bóyá òun ti ilẹ̀kùn, á tún jáde, á tún padà. Kò wa mọ́tò rẹ̀ mọ́. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Jacinta náà kò jẹ́ kó pẹ́. "Bàbá ẹ ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ó ní kò ṣeé ṣe."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí wá la fẹ́ fi ẹ́ ṣe?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Neridah ti padà sẹ́yìn ilé ìkàwé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Verity, ọmọ Bàbá Clem obìnrin, wá láti Launceston, ó sì ń já páálí òfìfo sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ṣé Bàbá ń kó lọ ni?"

"Ó ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní tòsí wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pè mí pé orí òun ti ń dàrú. Ó ní òun fi búrọ́ọ̀ṣì ìyá mi sínú tínà, òun ò sì rántí rárá." Ojú Verity rọ̀. "Dádì mi! Ẹni tó máa kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ tèmi kó tó gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì."

Ó gbé páálí, ó wọlé. Neridah dúró sínú òjò. Kò sẹ́ni tó rí òun lọ́jọ́ náà. Bí òun bá dákẹ́, bàbá á lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì bá a lọ. Ilé ìyá àgbà kò jìnnà, ó sì ti yíjú sí ọ̀nà ibẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó yí padà, ó sì tẹ̀ lé Verity wọlé.

Bàbá Clem jókòó láàárín ẹrù. Ó ti rù.

"Bàbá, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan," ni Neridah wí. "Èmi ni. Àwọn Jacinta pè mí, mo sì kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì sínú ìgò, mo sá lọ. Mo parọ́ fún yín. Orí yín ò dàrú."

Páálí bọ́ lọ́wọ́ Verity. "Ṣé o mọ ohun tó o ṣe? Dádì jókòó síwájú dókítà, wọ́n ń bi í pé ọjọ́ wo la wà! Ó sunkún nínú mọ́tò mi. Èmi ò rí i kó sunkún rí, àfi lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá mi!"

Neridah kò lè gbójú sókè.

"Kẹ́tùlù yẹn ńkọ́?" bàbá bi í jẹ́jẹ́.

"Èmi ò mọ̀ nípa kẹ́tùlù, Bàbá."

"Ti kẹ́tùlù kì í ṣe tuntun," ni Verity wí, ó ń nu ojú. "Láti kékeré mi lẹ ti ń jó kẹ́tùlù."

Bàbá mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, bí ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo Neridah, kò rẹ́rìn-ín. "Máa lọ sílé," ló wí.

Bàbá Clem kò kó lọ mọ́. Láìpẹ́, iná ahéré tún ń tàn, mọ́tò rẹ̀ tún ń jáde. Ṣùgbọ́n kò pe Neridah. Ìyẹn ló dùn ún jù: ó ń gbọ́ bàbá tó ń súfèé lódìkejì ọgbà, òun sì dá jókòó sídìí tábìlì ìyá àgbà, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo. Ó sọ fún bàbá tirẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ní, "O ṣe dáadáa tó o jẹ́wọ́. Àmọ́ má retí pé ìjẹ́wọ́ ni ìwòsàn."

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó rí bàbá níbi tó ti ń gé koríko. Ó fún ara rẹ̀ nígboyà.

"Bàbá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Bàbá Clem pa ẹ̀rọ. "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò tíì dé."

"Ṣé ó máa dé?"

"Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn," ni bàbá wí. "Jẹ́ kó máa bọ̀."

Neridah wá mọ̀ pé irọ́ kì í dúró síbi tí a bá fi í sí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì lásán lòun parọ́ lé lórí, àṣé ọkàn àgbàlagbà lòun fẹ́ bà jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ẹnu tó pẹ́ kó tó sọ òtítọ́, yóò pẹ́ kí wọ́n tó tún gbà á gbọ́.

Bàbá tan ẹ̀rọ padà. Neridah dúró díẹ̀, ó wò ó, lẹ́yìn náà ló wọlé lọ, òun nìkan.